Ṣé aláṣẹ ni olórí ilé-ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì, àbí ẹni tó ń to ìwé lásán?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Adelé olórí ilé-ìkàwé ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́ kan tó jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi sípò, bí mo bá dé ìpàdé àwọn aláṣẹ, fáànù tó bàjẹ́ àti ariwo akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni wọ́n máa ń bi mí léèrè. Díìnì kan, ìyẹn olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́, là á mọ́lẹ̀ lójú gbogbo èèyàn pé iṣẹ́ tiwa ni ká to ìwé, pé ọ̀rọ̀ ìṣàkóso kò kàn wá. Ọ́fíìsì Bọ́sà, akápò ilé-ẹ̀kọ́ wa, ti dá mẹ́mò mi padà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn olùkọ́ ní a kì í ṣe olùkọ́. Àwọn tí kì í ṣe olùkọ́ ní ẹgbẹ́ olùkọ́ la wà. Ṣé lóòótọ́ ni ipò wa jẹ́ ipò aláṣẹ? Kí ni kí n ṣe tí àwọn òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi yóò fi rí i bẹ́ẹ̀?"

Ìdáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àmúmọ́ra. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn kúrò nílẹ̀. Aláṣẹ ni yín. Nínú òfin àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́ ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1986, bíi ti òfin àwọn pọlitẹ́kíníìkì tó jáde ní 1979, olórí ilé-ìkàwé jókòó pẹ̀lú Rẹ́jísírà, akọ̀wé àgbà ilé-ẹ̀kọ́, àti Bọ́sà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ àgbà. Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, tí a ń pè ní Provost ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ló ń jábọ̀ fún, kì í ṣe Rẹ́jísírà, kì í ṣe Díìnì. Iṣẹ́ tí irú òfin bẹ́ẹ̀ gbé lé e lọ́wọ́ ni pé kó ṣàkóso ilé-ìkàwé, kó sì mú gbogbo iṣẹ́ ilé-ìkàwé tó wà ní àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wà ní ìṣọ̀kan. Ìyẹn ni pé yàrá ìwé kékeré tí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì kó jọ sí ẹ̀yìn ọ́fíìsì Díìnì wọn, abẹ́ ọwọ́ yín ló yẹ kó wà. Ọ̀pọ̀ Díìnì ni kò gbọ́ èyí rí.

Òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ìpínlẹ̀ sábà máa ń tẹ̀lé ìlànà yìí, àmọ́ ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi ṣe ẹ̀rí. Ẹ lọ gba ẹ̀dà òfin tó dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tiyín sílẹ̀ ní ọ́fíìsì Rẹ́jísírà, ẹ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ wo ẹni tó yẹ kí ẹ máa jábọ̀ fún àti ìgbìmọ̀ tí òfin ní kí ẹ wà nínú rẹ̀. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ká wá ìwé fún ẹlòmíràn, a kì í wá èyí tó sọ agbára tiwa.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òfin kọ́ ló ń dùn yín. Èèyàn lè ní òfin lọ́wọ́ kí wọ́n má sì kà á sí nípàdé.

Òṣìṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í ṣí ìwé òfin kí wọ́n tó mọ ẹni tó jẹ́ aláṣẹ. Ọwọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ wọn wà ni wọ́n ń wò. Rẹ́jísírà ló ni fáìlì: ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìgbéga, ìsinmi àti kúẹ́rì ti ń jáde. Bọ́sà ló mọ ìdí tí àjẹmọ́nú kò fi tíì wọlé. Díìnì ló ń pín iṣẹ́ fún olùkọ́, òun náà ló sì ń kọ àbọ̀ nípa wọn. Kí ló wà lọ́wọ́ olórí ilé-ìkàwé tí òṣìṣẹ́ lè torí ẹ̀ bẹ̀rù rẹ̀? Fọ́ọ̀mù kílíárańsì nìkan ni, ìwé tí a ń fọwọ́ sí pé èèyàn kò jẹ ilé-ẹ̀kọ́ ní nǹkan, ọjọ́ tí èèyàn bá sì ń fẹ̀yìn tì tàbí tó ń kọjá lọ síbòmíràn ló ń nílò ìyẹn. Mo ti rí olùkọ́ àgbà tó yá ìwé lọ láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú, tí kò kí wa rí nínú ọgbà. Ọjọ́ tó mú fọ́ọ̀mù rẹ̀ dé, "Ọ̀gá mi" ló ń pe gbogbo wa, títí kan ọmọ tó jókòó sí káńtà.

Káńtà yẹn gan-an ni púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ mọ̀ nípa wa. Ìgbà tí wọ́n wà nílé-ìwé ni wọ́n ti lo ilé-ìkàwé gbẹ̀yìn. Nísinsìnyí, orí fóònù ni wọ́n ti ń wa àpilẹ̀kọ jáde. Ẹni tó ń lu òǹtẹ̀ ọjọ́ sínú ìwé àti ẹni tó ń sọ pé "ẹ dákẹ́ o" ni wọ́n rántí. Wọn kò rí yàrá tí ìwé tuntun ti ń gba nọ́ńbà, tí wọ́n ti ń tẹ kátálọ́ọ̀gù rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ orúkọ ìwé àti ibi tó wà, sínú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ti ń jà pẹ̀lú òǹtàwé tó kó ẹ̀dà àtijọ́ wá ní owó ẹ̀dà tuntun. Ilẹ̀kùn yàrá náà máa ń wà ní títì, a sì tún kọ ọ́ sí i pé òṣìṣẹ́ nìkan ló gbọ́dọ̀ wọlé. Bí a bá ṣe é dáadáa, ìwé a kàn wà lórí pẹpẹ bí ẹni pé ó hù níbẹ̀ ni.

Ti àwọn ará ọ́fíìsì Rẹ́jísírà yàtọ̀. Lójú tiwọn, ìṣàkóso jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ láti kékeré: bí a ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, bí fáìlì ṣe ń gba ọwọ́ dé ọwọ́, bí a ṣe ń múra ìwé sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ aláṣẹ. Bí olórí ilé-ìkàwé bá wá fi ìwé àdáwọ́kọ tí kò ní nọ́ńbà fáìlì ránṣẹ́, wọn yóò rẹ́rìn-ín sínú. N kò dá wọn lẹ́bi. Ní ti ọ́fíìsì Bọ́sà, ibi tí owó ń bá lọ ni ilé-ìkàwé, kì í ṣe ibi tí owó ń gbà wọlé. Ẹni tó bá sì ń náwó láì sọ ohun tó fi owó náà rà, ọmọdé ni lójú akówó.

Àwọn kan wà tí wọn kì í ṣiyèméjì rárá pé aláṣẹ ni yín, àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ yín. Ẹ máa kà wọ́n wò: àwọn láìbìrérìàn, àwọn amúṣẹ́ṣe, àwọn akọ̀wé, àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, àwọn agbálẹ̀. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì púpọ̀, àwọn tó wà lábẹ́ olórí ilé-ìkàwé lè pọ̀ ju àwọn tó wà lábẹ́ Díìnì kan lọ. Ẹ̀yin lẹ ń pín wọn sí iṣẹ́ àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin lẹ ń parí ìjà wọn, ẹ̀yin lẹ ń kọ àbọ̀ ọdọọdún lórí wọn. Bí ìyẹn kò bá jẹ́ ìṣàkóso, n kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ olùkọ́ àti ẹni tí kì í ṣe olùkọ́ yẹn, nítorí ibẹ̀ ni mo rò pé àwa fúnra wa ti ń ba ọ̀ràn ara wa jẹ́. Ní yunifásítì, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ni wọ́n ka láìbìrérìàn sí: ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ni wọ́n wà, iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ni wọ́n sì fi ń gba ìgbéga. Ní pọlitẹ́kíníìkì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìjà ò tíì parí. Àtẹ owó oṣù méjì ló wà, CONPCASS ti àwọn olùkọ́ àti CONTEDISS ti àwọn yòókù, ọ̀pọ̀ ọgbà ni wọ́n sì ti ń fa ọ̀rọ̀ lórí èyí tó tọ́ sí wa. Ẹ̀tọ́ ni, ẹ jà á pẹ̀lú ẹgbẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí a bá ń jà á: "Àwa kì í ṣe òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, olùkọ́ ni wá." Ó di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ pín mọ́tò fún àwọn òṣìṣẹ́ àgbà, a tún ní aláṣẹ ni wá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa gbọ́ méjèèjì. Kò sì yẹ kí ọ̀kan pa èkejì rárá. Díìnì tó bú yín nípàdé yẹn, olùkọ́ ni, aláṣẹ sì tún ni, kò sẹ́ni tó ní kó mú ọ̀kan kó fi ọ̀kan sílẹ̀. Ohun tí ẹ máa sọ fún un nìyẹn bó bá tún dé orí ẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín, láì gbóhùn sókè.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Mo mọ àwọn olórí ilé-ìkàwé tó fi gbogbo àkókò wọn lé àpilẹ̀kọ kiri nítorí ìgbéga, tí ilé-ìkàwé wọn ń ti ilẹ̀kùn ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kíláàsì. Bí àwọn òṣìṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀ bá ní olórí ilé-ìkàwé kò mọ nǹkan ìṣàkóso, irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé láti ìgbà tí wọ́n ti di olórí, inú yàrá kátálọ́ọ̀gù náà ni wọ́n ṣì ń jókòó sí, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí ọmọ iṣẹ́ wọn lè ṣe, nítorí ó dùn mọ́ wọn. Ó máa ń dùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kátálọ́ọ̀gù ní ọjọ́ tí wọ́n ń pín ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀, ó ti yọ̀ǹda àga rẹ̀.

Ẹni tó bá ní ipò yìí kì í ṣe ti aláṣẹ ní ilẹ̀ wa kò mọ ìtàn Ìbàdàn. Nígbà tí University College, tó di Yunifásítì Ìbàdàn lẹ́yìn náà, bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1948, John Harris, tó wá láti New Zealand, ni wọ́n mú wá ṣe olórí ilé-ìkàwé. Ní 1950, òfin jáde tó mú kí àwọn tó ń tẹ ìwé ní Nàìjíríà máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó wà lára àwọn tó mú kí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn láìbìrérìàn bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. 1960 ni wọ́n gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike sì fi ipò olórí yunifásítì sílẹ̀ ní ìparí 1966, Harris, olórí ilé-ìkàwé, ló ṣe adelé. Ẹ lè ní òyìnbó ni, ẹ lè ní ayé ìgbà náà yàtọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì kéré. Mo gbà. Síbẹ̀, ẹ wo nǹkan tó ṣe: kò dúró kí ẹnikẹ́ni bi í léèrè bóyá ó jẹ́ aláṣẹ. Ó ń kọ́ ohun tí yunifásítì náà kò ní lè ṣe aláìní, àwọn èèyàn sì panu mọ́ fúnra wọn.

Nǹkan wo ni kọ́lẹ́ẹ̀jì tiyín kò lè ṣe aláìní lónìí? Accreditation ni, ìyẹn ìfọwọ́sí ìjọba sí ètò ẹ̀kọ́. Ní yunifásítì, ìlànà NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ni pé ètò ẹ̀kọ́ kan kò ní gba ìfọwọ́sí kíkún àfi tó bá gba ó kéré tán 70 nínú 100 lápapọ̀, tó sì tún gba 70 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn nǹkan mẹ́rin kan: ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ilé àti irinṣẹ́, àwọn olùkọ́, àti ilé-ìkàwé. Ẹ jẹ́ kí ó wọ̀ yín létí. Ẹ̀ka tó kún fún ọ̀jọ̀gbọ́n lè ṣubú nítorí pẹpẹ ìwé. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, NCCE, àjọ tó ń bójú tó àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́, ló ń ṣe àyẹ̀wò tiwa, àwọn náà kì í dé kí wọ́n má wọ ilé-ìkàwé. Gbogbo wa la sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú: wọ́n á lọ yá ìwé káàkiri, wọ́n á kó o sórí pẹpẹ, olórí ilé-ìkàwé á di ẹni pàtàkì fún ọjọ́ mẹ́ta, mọ́tò ọgbà á máa gbé e kiri. Bí àwọn alábẹ̀wò bá ti lọ, ìwé á padà sílé olówó rẹ̀, olórí ilé-ìkàwé á padà sórí ọ̀rọ̀ fáànù.

Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ọjọ́ tí àyẹ̀wò tó kàn fún ètò ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan máa bọ́ sí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lórí ìwé kan ṣoṣo. Ẹ wo ohun tí ìlànà béèrè, ẹ wo ohun tó wà lórí pẹpẹ, ẹ kọ àlàfo tó wà láàárín wọn. Kí ìwé yìí dé ọwọ́ Provost nígbà tí ọdún méjì ṣì kù, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì. N kò tíì rí ọ̀gá àgbà kan tó ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ tán tó tún wá béèrè nípa fáànù.

Kí ẹ sì máa ka ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ béèrè tí wọn kò rí. Gbogbo ilé-ìkàwé ló ń ka iye ẹni tó wọlé àti iye ìwé tó jáde. Díẹ̀ ló ń kọ èyí tí kò sí sílẹ̀. Ẹ gbé ìwé ńlá kan sí káńtà, kí òṣìṣẹ́ máa kọ orúkọ ìwé tí wọ́n béèrè àti ẹ̀ka tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ti wá. Ní òpin oṣù, ẹ pín in sí ẹ̀ka, ẹ fi ti ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì ránṣẹ́ sí Díìnì sáyẹ́ǹsì, ti èdè sí Díìnì èdè, ojú ewé kan péré. Díìnì tó bá rí i pé àwọn ọmọ òun ni wọ́n ń lé padà nítorí ìwé tí òun fúnra òun ní kí wọ́n kà, òun ló máa sọ̀rọ̀ nípàdé. Ohùn rẹ̀ á sì wọ etí Bọ́sà ju tiyín lọ. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn, ẹ lò ó.

Èyí mú mi dé orí ìgbìmọ̀ ilé-ìkàwé. Ó wà lórí ìwé ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò sì jókòó rí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ Provost pé kí wọ́n tún un yàn, kí aṣojú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀. Díìnì tó ní ìṣàkóso kò kàn yín yẹn, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún alága. Mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó lórí àkójọ ìwé tí owó kò tó láti rà, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà lé ìwé ẹ̀ka tirẹ̀ nítorí pé owó ti tán, kò ní sọ mọ́ pé ẹ kàn ń to ìwé ni.

Ní ti owó, NUC ti pa á láṣẹ tipẹ́ fún àwọn yunifásítì pé kí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n ń ná sórí iṣẹ́ ojoojúmọ́ máa lọ sí ilé-ìkàwé. Agbára káká la fi ń rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Fún kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba, ti ìpínlẹ̀ náà wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fi owó ran ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, ni owó ìwé tó nítumọ̀ ti ń wá, ó sì ní ìpín tó jẹ́ ti ilé-ìkàwé lọ́tọ̀, tí kì í ṣe ti ilé kíkọ́. Ọwọ́ yín ni kí àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n máa fi owó náà rà ti jáde, pẹ̀lú iye àti ìdí. Mo ti rí ibi tí ọ́fíìsì mìíràn ti bá olórí ilé-ìkàwé kọ ọ́, tí wọ́n ra àga àti ẹ̀rọ amúlétutù, tí ìwé kò wọlé. Olórí ilé-ìkàwé náà bu ọwọ́ lù ú. Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló fẹ́ bá jà?

Mẹ́mò tí wọ́n dá padà ńkọ́? N kò rí i, ṣùgbọ́n mo lè fojú inú wò ó, nítorí irú rẹ̀ pọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pàtàkì ilé-ìkàwé nínú ìmọ̀, ó gba ojú ewé méjì kó tó dárúkọ owó. Bọ́sà kì í ka irú ìyẹn. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni kó sọ iye tí ẹ fẹ́ àti abẹ́ ìpín wo nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yìí ni kó ti jáde; èkejì kó sọ iye tó ṣẹ́kù nínú ìpín náà; ẹ̀kẹta kó sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí kò bá jáde, pẹ̀lú ọjọ́. Bí ẹ kò bá mọ iye tó ṣẹ́kù, ẹ kọ ìwé béèrè, ẹ máa béèrè ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ gbà á nípasẹ̀ Provost, kí ẹ̀dà lọ sí ọ̀dọ̀ alága ìgbìmọ̀ ilé-ìkàwé. Ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ ara yín gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ akọ̀wé Bọ́sà, ẹ jẹ́ kó gba ojú ọ̀nà fáìlì lọ.

Nǹkan kékeré méjì tó kù. Bí orúkọ yín kò bá tíì sí nínú ìwé àwọn tí LRCN forúkọ wọn sílẹ̀, àjọ tí òfin 1995 fi ṣe alábòójútó iṣẹ́ wa, ẹ lọ ṣe é kíákíá. Ẹni tó bá fẹ́ gba ipò lọ́wọ́ adelé, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń wò. Ní ti fáànù, ẹ kọ ìwé sí ẹ̀ka àtúnṣe nígbà tí ìpàdé ṣì ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tọ́jú ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ dárúkọ ọjọ́ tí ẹ fi ìwé ránṣẹ́, kí ẹ yíjú sí olórí ẹ̀ka àtúnṣe, kí ẹ sì ní ọ̀rọ̀ accreditation ni ẹ bá wá.